Kànga Onínọ́ńbà Ogójì

Ogójì kànga ló wà nínú ìwé ńlá tí akọ̀wé obìnrin náà ń tọ́jú. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi gbẹ́ gbogbo wọn nígbà kan rí. Nígbà tí omi wọn gbẹ tàbí tó bàjẹ́, wọ́n pa wọ́n tì, wọ́n sì fi kọnkéré dí wọn lẹ́nu kí ọmọ tàbí ẹran má baà já sí i. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó bẹ̀ wọ́n wò lọ́dọọdún, kó kọ ohun tó rí, kó sì fọwọ́ sí i.

Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe é. Mọ́kàndínlógójì nínú wọn ló mọ̀ bí ẹní mọ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ìwé sọ pé ìkan tó kù wà lẹ́yìn ilé bíríkì àtijọ́. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó rìn dé ìdajì ọ̀nà, ẹsẹ̀ ń ro ó, ó padà sílé, ó sì da ohun tí ẹni tó ṣíwájú rẹ̀ kọ kọ: "Ẹnu rẹ̀ dí. Kò rùn." Lọ́dún kejì, kò tilẹ̀ wọ bàtà.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà dé. Ọ̀gá àbẹ̀wò ń bọ̀ láti olú iléeṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Kànga kan ṣoṣo ló fẹ́ wò, onínọ́ńbà ogójì.

Lẹ́tà náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n lé akọ̀wé agbègbè kejì lọ sílé, nítorí pé ó fọwọ́ sí ohun tí kò fojú rí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó mú àdá, ó lọ sẹ́yìn ilé bíríkì. Ó ṣán igbó títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Bàbá tó ni ilẹ̀ náà dúró, ó ń wò ó.

"Kànga kẹ̀? Ìyá, ibi tí wọ́n bí mi sí nìyí. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn. Orí ta ló dàrú tó máa gbẹ́ kànga síbẹ̀?"

Akọ̀wé gba ilé àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ. Bíríkìlà ni.

"Ọkọ mi kékeré, ẹ gbà mí."

"Ìyàwó wa, ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú. Kànga kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dí."

"Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí kò sí."

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. "Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lé mi kúrò nídìí ọtí!"

"Ẹ má bú mi lónìí. Ẹ jẹ́ ó di ọjọ́ Ẹtì."

Kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́, bíríkìlà ti da kọnkéré róbótó sílẹ̀, ó ri páìpù tó ti dípẹtà sí àárín rẹ̀, ó fi ìṣó kọ ogójì sí i lára. Wọ́n fi eérú àti ẹrẹ̀ kùn ún kó lè dàgbà. Akọ̀wé fẹ́ gbàdúrà sí i, ojú tì í. Ó kàn ní, "Olúwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo apá ibí."

Ọ̀gá àbẹ̀wò nìkan ló dé ọ́fíìsì akọ̀wé láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò mú awakọ̀ dání. Ó ti hewú. Ó kọ̀, kò jókòó.

"Mà, kànga ogójì yìí, ṣé ẹ̀yin fúnra yín rí i?"

"Mo rí i, sà."

"Pẹ̀lú ojú yín méjèèjì?"

"Mo tiẹ̀ fọwọ́ kàn án, sà."

Ọkùnrin náà nu òógùn ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fèrèsé ṣí sílẹ̀. "Mo ń fẹ̀yìn tì lóṣù tó ń bọ̀. Mo rò pé bóyá ká kàn fàlà sí i, ká yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Ó ti pẹ́ jù."

Akọ̀wé rí pàkúté níbẹ̀. Ẹni tó bá gbà kí wọ́n yọ ọ́, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn.

"Rárá o, sà! Ẹ máa bọ̀, ẹ wá wò ó."

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ilé bíríkì, ọ̀gá dúró gbagidi. Ó ṣí fìlà. Ó yí kọnkéré náà po lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ta ló dí i?"

"Àwọn ará àtijọ́ ni, sà."

"Iṣẹ́ wọn dáa gan-an."

Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka ra ẹ̀gbẹ́ kọnkéré. Sìmẹ́ǹtì tútù lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wo ìka náà, ó wo akọ̀wé. Ọ̀gá fa áńkáṣífù yọ, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó gba ìwé ńlá náà, ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé, "Mo rí i," ó sì fọwọ́ sí i.

"Ìyá," ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ bó ṣe ń ti bírò bọ àpò, "nígbà tí èmi wà lórí àga yín, wọ́n ní dandan ni kí n rí ogójì, mọ́kàndínlógójì ni mo rí, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti jókòó sí ọ́fíìsì bí kànga yìí sínú ìwé, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kan ọmọ mi, ẹ bá mi kí bíríkìlà."