Eku Nyohini

Ìyàwó télọ̀ ń fi Dagbani, èdè àwọn onílé ibi tí wọ́n ṣí wá, ná májèlé eku lẹ́nu ọ̀nà, ni ọkọ rẹ̀ bá sáré fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Rọra. Eku ń gbọ́."

"Eku Nyohini, àdúgbò wa níbí, ni wọ́n, Dagbani ni wọ́n gbọ́," ni ìyàwó wí. "Yorùbá ni ká máa sọ."

Ni wọ́n bá fi Yorùbá pinnu pé àwọn á fi májèlé náà sínú ẹja gbígbẹ.

Nígbà tí wọ́n kírun Alásárì dé, ẹja onímájèlé wà bó ṣe wà. Èyí tí wọ́n fẹ́ fi sebẹ̀ leku jẹ tán.

Inú àpò gàrí tí ìyá ìyàwó fi ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bá àwọn eku náà, tọmọtọmọ.

Télọ̀ wò wọ́n títí. Ó wá fẹnu sétí ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Dagbani.