Bàbá Má-Júwe àti Ọkọ̀ Tí Iwájú Rẹ̀ Di Ẹ̀yìn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ààbọ̀ kẹ́ ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tẹ́nu yín kò kúrò lórí "mo mọ ibẹ̀."

1.

Awakọ̀ tírélà kan wà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ ẹrù, kò sì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Bí ẹni tó jókòó tì í bá fẹ́ẹ́ lanu pé, "Ọ̀gá, ọwọ́ ọ̀tún ni...", á ti já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu: "Má júwe fún mi!" Bó ṣe di Bàbá Má-Júwe nìyẹn. Orúkọ ọ̀hún sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í béèrè nǹkan kan, kì í pẹ́ tí àwọn èèyàn á fi yé bá a sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn ò bímọ. Àga méjì ló wà ní pálọ̀ rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló gbó. Ẹni tó kù tó ń pè é lórí fóònù ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú.

2.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló wá dùbúlẹ̀ àìsàn ní ọsibítù, nílùú míì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin pe Bàbá Má-Júwe.

"Bàbá, aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n máa gbé màmá mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Màmá ní àwọn ò fẹ́ wọlé láì rí yín."

"Mo ti ń bọ̀."

"Ibùdó rélùwéè tẹ́ ẹ ti máa wọkọ̀ tóbi o. Apá iwájú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Wọ́n máa já a sí méjì lójú ọ̀nà: iwájú á máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ̀yìn á yà síbòmíì. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ kóòtù pupa..."

"Má júwe fún mi! Ṣé èmi ni ò wá mọ iwájú ọkọ̀?"

3.

Ibùdó náà tóbi lóòótọ́. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán, àtẹ̀gùn rẹ̀ ń gbé èèyàn lọ sókè fúnra rẹ̀, ohùn obìnrin kan sì ń sọ̀rọ̀ láti òkè àjà. Èrò ń rọ́ kọjá lọ́tùn-ún lósì, kò sẹ́ni tó kí i. Ó ń ṣe é bíi kó di ẹnì kan lápá mú. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọbìnrin oníkóòtù pupa kan rẹ́rìn-ín sí i pé, "Bàbá, ṣé kí n júwe fún yín?", ṣe ló mirí, tó kọjá.

Kí ọkọ̀ tó wọlé, ó ti dé pèpéle kẹsàn-án tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, níbi tí èrò ti ń wọkọ̀. Ó fojú ara rẹ̀ rí i bó ṣe forí wọlé, tí imú rẹ̀ dúró síbi tí irin ti parí, tí dẹ́rẹ́bà sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. "Ibi tí dẹ́rẹ́bà bá wà, ibẹ̀ niwájú," ló wí. Ó wọ kóòṣì, ìyẹn yàrá èrò inú ọkọ̀, tó sún mọ́ ibẹ̀ jù.

Dẹ́rẹ́bà gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń rìn lọ sí ìdí ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Ó rí bàbá lójú fèrèsé, ó dúró.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mo mọ ibi tí mò ń lọ."

"Ó dáa, bàbá." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ti rí i, àbí? Tírélà tó bá wọlé á ṣẹ́rí kó tó jáde. Rélùwéè kì í ṣẹ́rí. Bó bá forí wọlé síbi tí irin ti parí, ìdí ni yóò fi jáde. Dẹ́rẹ́bà á rìn dé ìdí náà, ibẹ̀ á sì di iwájú. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, tí gbogbo nǹkan ìta ń sá síwájú dípò kó máa sá sẹ́yìn, ọ̀gá awakọ̀ wa rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n ń rífáàsì ni. Wọn ò ní pẹ́ẹ́ ṣẹ́rí."

Ó dúró de ìgbà tí wọ́n máa ṣẹ́rí. Kò rí i.

4.

Lójú ọ̀nà, ọkọ̀ dúró, ohùn òkè sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn dìde wọ́n sáré lọ sí kóòṣì míì. Kò bi wọ́n léèrè. Ìgbà tí ọkọ̀ tún gbéra, òun nìkan ló kù níbẹ̀. Ó wo ìta, ó rí ìdajì ọkọ̀ tó ń lọ lórí irin míì, tó ń jìnnà sí i.

Ó sọ̀ ní ibùdó tó kàn. Bẹ́ǹṣì kan, ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì kan àti afẹ́fẹ́ lásán ló wà níbẹ̀. Ó wá fẹ́ béèrè wàyí, kò sẹ́ni tó máa bi. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Àbúrò mi, níbo lo wà?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Omi lé sí i lójú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ó lé lọ́gọ́ta ọdún tí mo ti ń retí kí n gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ẹ. Ó dáa, béèrè ọ̀nà, kó o máa bọ̀. Màá dúró dè ọ́."

Kò lè dúró; inú yàrá iṣẹ́ abẹ ló kú sí. Nígbà tí Bàbá Má-Júwe fi máa débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti tún bẹ́ẹ̀dì tó ń lò tẹ́. Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fà síbẹ̀ fún un láti àárọ̀. Orí rẹ̀ ló jókòó sí, ó sunkún bí ọmọdé.

Ní báyìí, ó máa ń wọ aṣọ tó dáa lọ sí ibùdó ńlá yẹn. Á lọ bá àwọn oníkóòtù pupa, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe fún mi." Wọ́n á júwe fún un dáadáa, á tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀, á dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, á padà sílé. Kò ní ẹni tó ń lọ bá mọ́.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará. Bẹ́ ẹ bá dé ibùdó ọkọ̀ ńlá, ẹ béèrè. Ẹ béèrè pèpéle, ẹ béèrè kóòṣì, ẹ béèrè pé apá wo ló ń lọ síbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ẹni tẹ́ ẹ máa bi lè má ju ọmọ yín lọ. Kò bu iyì yín kù. Iwájú tẹ́ ẹ mọ̀ lè ti di ẹ̀yìn, ẹni tó ń dúró dè yín ò sì ní dúró títí láé. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí kò béèrè ló ń pa ara rẹ̀ lóṣì.