Ọmọ Kan Kì í Ṣe Àtòjọ

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ilé-ìwé wọlé nígbà tí Wúràọlá lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ láti gba ìwé ọmọ, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ìyá kan tí ilé-ìwé ń béèrè, fún Fadérera, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ìwé kankan kì í jáde ní ọ́fíìsì náà mọ́, àyàfi tí makíró, ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń yẹ àtòjọ wò, bá fọwọ́ sí i.

Bàbá Oyèkúnlé, akọ̀wé, tẹ orúkọ ọmọ náà síwájú àmì róbótó tí wọ́n fi ń to nǹkan ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Makíró fọhùn: "Ohun kan ṣoṣo kì í ṣe àtòjọ. Ẹ fi ìkejì kún un."

Wúràọlá bẹ akọ̀wé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi pa àmì yẹn rẹ́."

"Òfin sọ pé inú àtòjọ ni orúkọ ọmọ gbọ́dọ̀ wà. Ṣé ẹ ò lè sáré bí òmíràn ni?"

"Kó tó di ọjọ́ Ajé, bàbá?"

Omi lé ròrò sójú Wúràọlá. Bàbá arúgbó náà tẹ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ti Fadérera. Lójú ẹsẹ̀, ìwé jáde.

Wúràọlá fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́, àfi bí bàbá ṣe dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

"Ẹ má kúnlẹ̀, màmá mi," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Makíró ń wò wá."