Ẹjọ́ Aránṣọ

Aránṣọ ni wọ́n rẹ́ jẹ. Lọ́dún tí wọ́n la ọ̀nà tuntun, ilé iṣẹ́ bíríkì gbé katapílà wá, wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lórí, wọ́n sì mọ odi yí ilẹ̀ náà ká.

Lọ́ọ́yà kan ṣoṣo tó wà nílùú nígbà náà gba ẹjọ́ ọ̀hún láìgba kọ́bọ̀. Apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ya. Aránṣọ ló fọwọ́ bá a rán an. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Gbèjà-Aláìní, orúkọ yẹn ló sì gbé e dé ilé aṣòfin ní olú ìlú.

Bí ìdìbò bá ti dé, wọ́n á mú aránṣọ gun orí pèpéle. Lọ́ọ́yà tó ti di ọnọ́rébù á di ọwọ́ rẹ̀ mú sókè.

"Ẹ tún rán mi lọ, kí n lè parí ẹjọ́ ìyá yìí!"

Wọ́n á sì rán an lọ.

Tí aránṣọ bá béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, ọnọ́rébù á mí kanlẹ̀. "Ìyá mi, wọ́n tún ti sún un síwájú. Ẹ jókòó sílé, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ jẹ́ kí èmi máa sá eré yẹn."

"Ó ti rẹ̀ mí o, ọmọ mi."

"Ó rẹ èmi náà."

Irun orí ọnọ́rébù pàápàá ti funfun. Àánú rẹ̀ ṣe aránṣọ.

Lọ́dún yìí, orúnkún aránṣọ kọ pèpéle. Akọ̀wé kóòtù tó wá gba ṣòkòtò lọ́wọ́ rẹ̀ sọ ọjọ́ ẹjọ́ fún un, ó bá wọ́ ara rẹ̀ lọ sí kóòtù, ó jókòó sẹ́yìn.

Lọ́ọ́yà kan tó sanra dìde, ó ní àwọn ti ṣetán. Aránṣọ mi orí: ẹni tí ọnọ́rébù ọmọ òun rán wá nìyẹn. Ọ̀dọ́ kan tún dìde, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún ẹjọ́ náà di ẹ̀yìn ìdìbò. Adájọ́ yán, ó gbà.

Aránṣọ dènà de ọ̀dọ́ náà níta.

"Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́! Sọ fáwọn oníbíríkì tó rán ẹ níṣẹ́ pé mi ò ní kú kí n tó gba ilẹ̀ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ta ni yín?"

"Èmi ni mo ni ẹjọ́."

Ọ̀dọ́ náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Màmá, èmi ni lọ́ọ́yà yín, ọnọ́rébù ló sì ń ní ká máa sún un láti ọjọ́ yìí wá," nígbà tí aránṣọ sì wí fún un pé, "Padà wọlé, lọ sọ fún wọn pé mo ti ṣetán," ilẹ̀ ni ọ̀dọ́ náà ń wò.