Ẹ̀fọ́ Ọ̀yà Fẹ̀ Bí Etí Erin

Mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì búra, ó ṣẹlẹ̀. Odidi ọdún méje ni Ọ̀yà fi gbin tẹ̀tẹ̀ sórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Kò jẹ́ kó sinmi rí. Ajílẹ̀ funfun inú àpò ló ń dà sí i. Ewé ń fẹ̀ bí etí erin, ṣùgbọ́n bó bá ti ń já a, ilẹ̀ a dárin:

"Ọ̀yà, ebi ń pa mí o."

Gbòǹgbò a gbè é: "Jẹ́ kó sinmi."

Ọ̀yà ń jẹ, ó ń rù. Òkété gbé tẹ̀tẹ̀ orí ilẹ̀ tó ti sinmi wá. "Ọmọ ìyá mi, jẹ èyí. Tìrẹ ò ní nǹkan kan nínú."

"Ewé bí etí eku yìí? Gbé òṣì rẹ lọ!"

Nígbà tó yá, afẹ́fẹ́ ń gbé Ọ̀yà kiri bí èèpo ẹ̀pà. Ibi tó kú sí, ẹ̀fọ́ ṣì kún ẹnu rẹ̀. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé, "Mo ti yó."