Ilẹ̀kùn Irin Kékeré Ẹ̀yìn Gbọ̀ngàn

Katakátá ti ń kùn kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó dé. Ilé kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn àtijọ́ yunifásítì ni wọ́n fẹ́ wó, kí Ọ̀gá Àgbà lè rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n, obìnrin tó ti hu ewú nídìí kíkọ́ àwọn ọmọ nípa ilé kíkọ́, lọ dúró síwájú katakátá, ó ká apá mọ́ àyà.

"Màmá, ẹ yàgò," ni agbaṣẹ́ṣe wí. "Iṣẹ́ ni mo bá wá, mi ò bá ìjà wá."

"Gba orí mi kọjá."

"Ẹ̀ẹ́ẹ̀! Orí kunkun báyìí? Ẹ̀rọ mi ni yóò bàjẹ́!"

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀gá Àgbà.

Ọ̀gá Àgbà tẹ orí ba wọlé. Yàrá kan ṣoṣo ni, ó há gádígádí. Kò ní fèrèsé, àfi ihò atẹ́gùn lókè. Pèpéle òkúta wà lára ògiri ẹ̀yìn, ọmọrí pákó róbótó kan wà láàárín rẹ̀, ó ti gan mọ́ ọn. Níta, nísàlẹ̀ ògiri kan náà, ilẹ̀kùn irin kékeré kan ti dípẹtà.

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbí?"

"Kò sí òwúrọ̀ tí àwọn olùdásílẹ̀ kò wọ ibí, sà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n dáhùn. "Lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà wọ́n láàmú."

"Yàrá àdúrà!" Ọ̀gá Àgbà ṣí fìlà.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, sà."

"Ilẹ̀kùn irin tó wà níta ńkọ́?" ni agbaṣẹ́ṣe bèèrè. "Ṣé ajá ló ń gba ibẹ̀ ni?"

"Èèyàn ni. Á kúnlẹ̀ kó tó lè ṣí i."

"Ẹ ò rí nǹkan! Ìrẹ̀lẹ̀ àwọn ará àtijọ́!" Ọ̀gá Àgbà fa afẹ́fẹ́ símú. "Ẹ tún gbóòórùn. Ayé àtijọ́ gan-an ló ń rùn yìí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ìbòrí rẹ̀ bo imú.

Lọ́jọ́ náà ni àṣẹ jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó ilé náà mọ́, àtúnṣe ni kí wọ́n ṣe sí i.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n lóbìnrin ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ilé nígbà tó gbọ́. Nítòsí ibẹ̀ ni garawa páànù àtijọ́ kan wà, tí wọ́n fi aṣọ bò, tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kì í fi pọnmi. Ẹ̀gbọ́n tutọ́ sílẹ̀.

"Ilé yẹn lo lọ gbà là? Bí mo bá ti rántí rẹ̀, èébì ló ń gbé mi."

"Èmi náà."

"Kí lo wá ń wá níbẹ̀?"

"Bàbá wa ò ní fọ́tò, ẹ̀gbọ́n mi. Ibi tí a sin wọ́n sí ti di títì. Bí wọ́n bá wó ilé yẹn, ta ló máa mọ̀ pé wọ́n ṣiṣẹ́ ní yunifásítì rí?"

"Ta ló bèèrè? Ẹ̀rín àwọn ọmọ ilé ìwé wa ò tíì kúrò létí mi."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń lọ wò ó. Kì í jókòó níbẹ̀, kì í fara ti ògiri. Bó bá jáde, á fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ní ti agbaṣẹ́ṣe, yàrá náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn, nítorí ó tutù. Orí ọmọrí pákó ló ń tẹ́ búrẹ́dì àti ẹyin díndín rẹ̀ sí, á sì pọ́n ìka lá.

"Màmá, ẹ wá bù ú jẹ. Ibi mímọ́ ni, kò sí eṣinṣin kan ṣoṣo."

"Mi ò ní jẹun níbẹ̀ láéláé."

"Ẹ kẹ́ òkúta ju ọkọ lọ o!"

Nígbà tó fẹ́ fi símẹ́ǹtì dí ilẹ̀kùn irin, Ọ̀jọ̀gbọ́n yarí kanlẹ̀. "Bí o bá dí i, kó o kúkú wó ilé náà." Agbaṣẹ́ṣe kùn, ó wá epo fi sí i títí ó fi ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àwọn olùkọ́ ń wá wò ó. Wọ́n ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn fi àtẹ́lẹwọ́ pa pákó yẹn, ó sì fi pa ojú. Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́jọ́ ìṣílé, Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé nǹkan kan wá, tó fi aṣọ dì. Ọ̀gá Àgbà wọ aṣọ oyè, ó jókòó sórí ọmọrí pákó, ó na ẹ̀yìn gbọnrangandan. Àwọn ayàwòrán fún ara wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Ibi tí àwọn bàbá wa jókòó sí ni mo jókòó sí lónìí," ló wí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n dà? Ẹ wá ya fọ́tò!"

"Mò ń bọ̀, sà," ni ohùn rẹ̀ wá láti ẹ̀yìn ògiri.

Ó kúnlẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó ṣí ilẹ̀kùn irin kékeré náà, ó tú aṣọ, ó sì rọra ti garawa bọ abẹ́ ìdí Ọ̀gá Àgbà, garawa páànù tí bàbá rẹ̀ fi ń ru ìgbẹ́ àwọn olùdásílẹ̀ lórí lọ dànù ní òròòru.