Ẹja Àlejò Tó Pa Àwọn Ará Ilé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á dé ìlà tó kẹ́yìn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹja ni, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àmọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ tán, ara mi bù máṣọ.

1.
Ní Ifangni, láyé ìjọba ológun tí wọ́n ń pè ní Rẹfolúsíọ̀n, nígbà tí tọmọdé tàgbà ń pe ara wọn ní kámárádì, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Olúmúyìwá. Àǹfímíyè, ìyẹn nọ́ọ̀sì, ni ní ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n Dókítà ni àwọn ará oko ń pè é, kò sì bá wọn jiyàn. Ká sọ òótọ́, ó mọ iṣẹ́. Bí èéyi bá ń jà, á gun mọ́bílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ sí Tchaada àti Lagbé, á dúró lábẹ́ igi, á máa kìlọ̀ fún àwọn ìyá pé: "Ẹ má jẹ́ kí ọmọ tó ń ṣàìsàn sùn pẹ̀lú àwọn yòókù. Ẹ yà á sọ́tọ̀. Bí ara rẹ̀ bá yá, ẹ ṣì ní sùúrù kó tó padà sáàárín wọn." Ọmọ púpọ̀ ló yè nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

2.
Scholastique, àbúrò ìyàwó rẹ̀, jẹ́ olùkọ́ ní Àjàṣẹ́. Opó ni. Jẹ́láàní ọkọ rẹ̀, tó ṣiṣẹ́ ní èbúté Kútọnù, ló fi àpótí onídígí ńlá kan sílẹ̀ fún un, tí àwọn ẹja òkun ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Omi òkun gan-an ni wọ́n ń fi bídọ̀n gbé wá fún wọn, bátìrì mọ́tò ló sì ń mú kí ẹ̀rọ kékeré kan máa fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà. Ẹja kan wà níbẹ̀ tó pọ́n bí ìyeyè. Jẹ́láàní ti kọ́ ọ títí tó fi ń wá jẹun lọ́wọ́ ènìyàn. Lẹ́yìn ikú Jẹ́láàní, ọwọ́ Scholastique ló ń wá.

Ìjọba wá gbé Scholastique lọ kọ́ni ní Natitingou. Ta ni yóò ru omi òkun dé ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀? Ló bá gbé àpótí náà wá sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ifangni.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun kan péré ni mo fi bẹ̀ yín," ó wí fún Olúmúyìwá. "Bí ẹ bá ra ẹja mìíràn, ẹ má dà á mọ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi í sínú báàfù lọ́tọ̀ títí oṣù mìíràn á fi lé, tí á sì wọ̀. Ẹ máa wò ó. Àwọn wọ̀nyí ni gbogbo ohun tó kù fún mi lára Jẹ́láàní."

"Pas de problème, kò sí wàhálà," ni Olúmúyìwá fèsì. "Èmi lò ń kọ́ ní ìtọ́jú?"

3.
Òkìkí kàn. Àwọn ènìyàn ń ti Banigbé wá wo òkun nínú yàrá ìgbàlejò. Olúmúyìwá a máa wọ aṣọ tó dáa jókòó tì í, bí ẹni pé òun ló dá òkun.

Ìròyìn wá dé pé olórí dísítíríì yóò yà sílé rẹ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún Rẹfolúsíọ̀n. Àwọn ẹja tó wà nílẹ̀ kò tó o mọ́. Ó ránṣẹ́ sí apẹja kan ní Kútọnù, ìyẹn sì gbé ẹja abilà kan wá tó rẹwà púpọ̀. Fúnláyọ̀, ìyàwó rẹ̀, ti bu omi òkun sínú báàfù dè é.

"Bàbá Victorin, ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi sọ ńkọ́?"

"Fúnláyọ̀, níbo la ti ń fi àlejò sí ẹ̀yìnkùlé? Àlejò dé, a fún un lómi, ó wọlé, ó jókòó. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Àti pé chef dísítíríì ò ní wá wo báàfù."

Fúnláyọ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí ọkọ rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ. Olúmúyìwá da ẹja abilà sáàárín àwọn yòókù. Olórí dísítíríì wá, ó wò ó, ẹnu yà á, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

4.
Kò pẹ́ tí àwọn ẹja fi bẹ̀rẹ̀ sí í fara ha òkúta. Ohun funfun kéékèèké sì yọ sí wọn lára, bí ìgbà tí ènìyàn wọ́n iyọ̀ lé wọn lórí.

"Ẹ jẹ́ ká kó wọn jáde, ká ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ Jẹ́láàní ní èbúté," ni Fúnláyọ̀ wí. "Wọ́n mọ oògùn rẹ̀."

"Kí gbogbo Ifangni lè gbọ́ pé ẹja Dókítà ń ṣàìsàn?"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni ohun funfun náà ti pòórá. Olúmúyìwá yọ̀. "Ṣé o rí i? Ó ti lọ fúnra rẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kò lọ. Kòkòrò ni ohun funfun yẹn. Ó já bọ́ kúrò lára ẹja sínú iyanrìn ìsàlẹ̀ àpótí, ibẹ̀ ló sì ti ń bí sí i. Ọkùnrin tó ń sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé "ẹ ṣì ní sùúrù" kò ní sùúrù nílé ara rẹ̀. Nígbà tí kòkòrò náà padà gòkè, ó bo àwọn ẹja títí kan ojú. Wọ́n ń yanu lójú omi, wọn kò rí èémí mí. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ni òkú ń léfòó. Ẹja bí ìyeyè ló kú kẹ́yìn. Ó wá síbi ọwọ́ Fúnláyọ̀ bí ìṣe rẹ̀, kò lè la ẹnu gba oúnjẹ, ó sì kú síbẹ̀. Fúnláyọ̀ sunkún bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Wọn kò ránṣẹ́ sí Scholastique. Olúmúyìwá ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀.

5.
Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi ilé ìwé, Scholastique dé pẹ̀lú eruku ọ̀nà lára. Kò tíì kí ẹnikẹ́ni tó fi ti ìka bọ omi. Ẹja kan ṣoṣo ló wá bá a. Ẹja abilà ni. Òun tó gbé àìsàn wọlé nìkan ni àìsàn kò pa.

"Ẹ̀gbọ́n, n kò mọ eléyìí. Àwọn tèmi dà?"

"Àìsàn ni," Olúmúyìwá wí. "Má bínú. Ẹja lásán ni, a ó ra òmíràn."

Scholastique jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Gbogbo ẹja tí Jẹ́láàní kọ́kọ́ rà ló kú," ó wí. "Lọ́dún tí èéyi jà, mo wá sí Lagbé, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín lábẹ́ igi. Mo padà sílé, mo ní, 'Jẹ́láàní, jẹ́ ká máa ya ẹja tuntun sọ́tọ̀ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wí.' Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí yè. Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni mo dá padà fún yín, Ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n ní Olúmúyìwá ṣì ń lọ kìlọ̀ èéyi ní Lagbé, àmọ́ bó bá ti dé ibi "ẹ yà á sọ́tọ̀", á bojú wolẹ̀ kó tó sọ ọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ o. Ìmọ̀ràn tí ẹ ń fún ará ìta, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ilé. Ẹ má tìtorí ìyìn fi ohun tí a fi sí ìkáwọ́ yín ṣòfò. Bí àìsàn bá sì lọ láìjẹ́ pé ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ má yọ̀, ó lè jẹ́ pé ó lọ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá ni. Àwọn àgbà kò parọ́: bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.